Ẹ̀rín Tó Ń Pẹ́ Dé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Bí inú bá ti ń bí mi báyìí lọ́jọ́ kìíní, mi ò mọ bí n óò ṣe rí tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Ọ̀gá Ètò pè wá jọ láàárọ̀, ó ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa ti ra eré apanilẹ́rìn-ín kan lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìpín mẹ́fà. Èmi ni n óò yí i sí Yorùbá, Bàbá Ohùn àti àwọn yòókù ni yóò fi ohùn sí i, irọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù keje ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo ní ó dáa. Ló bá ní nǹkan kan ló kù. Ó ní ẹ̀fẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò lè yé àwọn èèyàn wa, nítorí náà a máa fi alálàyé kan sí i, tí yóò máa dá sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tó ń pa àwọn òyìnbó lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mo bi í pé àwọn èèyàn wa wo? Ó ní àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé. Mo ní èmi náà ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé.

Ó ní, “Ẹ̀yin kọ́, Màdáámú. Àwọn tó kù ni mò ń sọ.”

Àwọn tó kù! Ọmọ tí kò tíì dáyé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ló ń bá mi ya àwọn olóye sọ́tọ̀ kúrò lára òpè.

Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn páálí tí eré náà wà nínú rẹ̀ ni mo rí i pé mo mọ̀ ọ́n. Eré ọ́fíìsì ohun tó sọnù ni, èyí tí à ń wò nílé wa nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọ́fíìsì kan wà ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin onítáì kan ni ọ̀gá ibẹ̀, ó ní igbákejì kan tí kì í fẹ́ ṣiṣẹ́, obìnrin kan sì máa ń wá síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wá agboòrùn. Mo gbé páálí náà mọ́ àyà bọ́ sínú òjò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo sọ fún Màmá. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀, ó ní ṣé eré Bàbá yín?

Eré Bàbá ni lóòótọ́. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbọ́ ọ nílé wa. Àpótí tẹlifíṣọ̀n á rẹ́rìn-ín, Bàbá á rẹ́rìn-ín, àwa ọmọ á gbè é. Màmá á wá yí etí sí Bàbá, Bàbá á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i, ìgbà náà ni Màmá á tó rẹ́rìn-ín tirẹ̀, nígbà tí àpótí ti bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n fi wo oríṣiríṣi eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì báyẹn, títí Bàbá fi kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àga Bàbá ṣì wà níbi tó wà. Màmá ṣì ń jókòó sí apá òsì rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀rín tèmi ló máa ń pẹ́ dé. Jẹ́ kí èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín lásìkò, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n tó kú.”

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ alálàyé fún un. Bí wọ́n bá fi alálàyé yẹn sí i, ẹ̀rín Màmá á tún pẹ́ dé, a ò sì tíì ṣe nǹkan kan. Mo ti pinnu lónìí pé kò ní ṣẹlẹ̀, bí wọ́n bá máa lé mi, kí wọ́n lé mi.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo parí ìpín kìíní. Ibi tó dùn jù ni ibi tíì. Àlejò kan wọlé láti wá báàgì rẹ̀, Onítáì gbé tíì wá fún un, àlejò ní rárá, kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Onítáì ní ó dáa, ó sì gbé tíì padà. Àlejò náà ń fi ojú sin àwo tíì títí ó fi wọ yàrá inú. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún odidi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, mo kà á.

Ọ̀gá Ètò yọjú, ó ka ìwé mi, ó ní kí ló dé tí igbákejì fi ń pe Onítáì ní “ẹ”, ṣé àwọn òyìnbó mọ ìyẹn ni? Mo ní ọ̀gá rẹ̀ ni. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ bú ọ̀gá rẹ̀ ní Yorùbá tí kò fẹ́ kí wọ́n lé òun, ìdọ̀bálẹ̀ ni yóò fi bú u, èyí ló sì máa ń dun ọ̀gá jù. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ó ń ronú bóyá mo ti ń bú òun láti ọjọ́ yìí wá.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mi ò ṣiṣẹ́. Bátìrì rédíò Màmá ti di ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ lóṣù tó kọjá, kì í sì pẹ́ kú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Wàhálà mìíràn. Ẹlẹ́tí, ọmọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún wa, tó máa ń gbọ́ bí ẹ̀fọn bá ń fò ní yàrá kejì, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹ̀rín àwọn òǹwòran Gẹ̀ẹ́sì àti ohùn àwọn òṣèré, ojú téèpù kan náà ni wọ́n wà. Bí a bá yọ ohùn òyìnbó kúrò láti fi tiwa sí i, ẹ̀rín náà á bá a lọ. Eré náà á wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo ní kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín á rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ètò ò gbọ́. Ó ní kí Ẹlẹ́tí lo ẹ̀rín inú agolo, èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti ibi eré mìíràn ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òrùlé tó ń jò. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin náà ti kú. Wọ́n fẹ́ kí òkú máa sọ fún alààyè ìgbà tó yẹ kó rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ibi tí èèyàn bá ti ṣubú ni Ọ̀gá Ètò ní kí wọ́n fi í sí. Ibi tíì, kò fi ẹyọ kan síbẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ta eré náà fún wa. Mo rò pé wọ́n máa gbè mí. Wọ́n ní ìrírí àwọn ti fi hàn pé ibi tí èèyàn bá ti ń ṣubú ni àwọn òǹwòran òkè òkun fẹ́ràn jù, pé kí a máa gé àwọn ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́ kó má baà sú àwọn èèyàn.

Àwọn tó ṣe eré yìí ò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ta ló sọ fún wọn pé a ò mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń sọ? Àwa tí ìyá wa kàn máa ń wò wá lójú níwájú àlejò, tí a ó sì dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Gbogbo ilé ló mọ òwe yìí. Ẹni tó bá lóun fẹ́ ṣàlàyé odindi fún mi, ó ti sọ ohun tó fi mí pè.

Mo ṣe ẹ̀dà kan lẹ́tà náà kí n lè máa rí i bínú.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ṣẹ́gun díẹ̀. Mo bá Ọ̀gá Ètò fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi ní ó ti sú òun. Ó ní kí n mú òǹwòran tí mo bá fẹ́ wá ní Ọjọ́bọ̀, a ó fi ìpín kìíní hàn wọ́n láìsí alálàyé, láìsí ẹ̀rín agolo. Bó bá yé wọn, òun á jáwọ́. Bí kò bá yé wọn, kí n má dá sí i mọ́.

Màmá ni n óò mú lọ, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Ìyá Aránṣọ àti Ìyá Agbẹ̀bí. Kò sí èyí tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, kò sì sí èyí tí ẹnì kan lè tàn jẹ. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mi ò fẹ́ kọ ti òní, àmọ́ bí mi ò bá kọ ọ́, mi ò ní lè sùn.

Àwọn ìyá mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú sitúdíò, Ọ̀gá Ètò dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, Ẹlẹ́tí wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Onítáì kọsẹ̀ lára àpótí, tó ṣubú lulẹ̀ gbàgà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní “Pẹ̀lẹ́ o!” lẹ́ẹ̀kan náà, Ìyá Agbẹ̀bí sì na ọrùn wo ìdí ọkùnrin náà bóyá ó fara pa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ètò kọ nǹkan sílẹ̀.

Ibi tíì ni wọ́n ti já a. Àlejò ní rárá, Onítáì gbé tíì padà, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, Ìyá Aránṣọ wá ní, “Ó mà gbà á gbọ́!” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Agbẹ̀bí di àyà mú. Wọ́n ní irú èèyàn wo ló ń bi àlejò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Wọ́n rẹ́rìn-ín náà títí ó fi kọjá ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá mi. Mo yíjú wo Ọ̀gá Ètò, ojú mi ń dán.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin alágboòrùn wọlé. Ó ní òun ń wá agboòrùn òun tó sọnù. Igbákejì ní irú èwo ni? Ó ní èwo lẹ ní? Wọ́n kó wọn jáde, ó yan èyí tó dára jù, ó dúpẹ́, ó ń lọ. Igbákejì wá sọ fún Onítáì pé èyí tí obìnrin yẹn máa mú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn bá a yan aláwọ̀ pupa, torí kò tíì ní pupa. Àwọn ọ̀rẹ́ Màmá rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde dúró.

Ó ní, “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà. Opó ni obìnrin yẹn. Kí ló dé tí ẹ sọ ọ́ di olè?”

Mo ní Màmá, ẹ jókòó. Ó ní òun ò jókòó. Ó ní òun ti mọ obìnrin yẹn kí n tó mọ ìwé kà, pé ẹni tó bá kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí i lẹ́nu ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹni tó kọ ọ́ ni èmi.

Ọ̀gá Ètò ò tilẹ̀ pariwo. Ó kàn ṣe mí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tu ẹni tó ṣòfò nínú, ó ní, “Màdáámú, bí kò bá yé ìyá yín, ta ló máa yé?” Ó ní òun ti ń gba ohùn alálàyé sílẹ̀ fúnra òun. Ohùn ara rẹ̀!

Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Mi ò bá Màmá wọ ọkọ̀ kan náà. Ọlọ́run má ka èyí sí mi lọ́rùn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

A jà. Mo ní ó dójú tì mí níbi iṣẹ́ mi. Màmá ní èmi ni mo dójú ti obìnrin tí kò ṣẹ mí. Mo wá bi í pé ta ló sọ fún un pé opó ni. Ó ní ta ni ìbá tún sọ fún òun bí kì í bá ṣe Bàbá? Bàbá ní agboòrùn náà jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ tó kú sójú irin, ó ń wá a kiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àánú rẹ̀ wá ń ṣe àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì, wọ́n sì ń fún un ní òmíràn kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí làwọn èèyàn inú àpótí ń rín? Màmá ní òun bi Bàbá ní irú ìbéèrè yẹn nígbà náà, Bàbá sì dá òun lóhùn pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Mo gbé ìwé eré náà ní Gẹ̀ẹ́sì wá, mo ní kí ó jẹ́ kí n kà á.

Ó ní, “Àbí o fẹ́ sọ pé bàbá ẹ parọ́ fún mi?”

Mo pa ìwé dé.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Màmá ń kí mi bí ẹni tó wá gba owó iná. Oòrùn mú gan-an.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo gbọ́ ohùn alálàyé. “Ẹ̀yin òǹwòran wa, ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níhìn-ín ni pé tíì wu àlejò náà.” Orí mi gbóná débi pé mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta.

Bàbá Ohùn bá mi níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ka ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ló ń ṣe ohùn Onítáì báyìí. Mo sọ ọ̀rọ̀ Màmá àti Bàbá fún wọn. Mo rò pé wọ́n máa bá mi bínú. Wọ́n ń fi bàtà fa ilẹ̀.

Wọ́n ní, “Àpótí ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bó bá ti rẹ́rìn-ín, àwa náà á gbè é. Gẹ̀ẹ́sì yẹn yá jù, wọ́n sì ń sọ ọ́ nínú imú. Ta ló fẹ́ jẹ́ bàbá tí ọ̀rọ̀ ò yé, nínú yàrá tó kún fún ọmọ rẹ̀?”

Mo ní ẹ̀yin náà? Wọ́n ní àwọn náà, àwọn tó ń ka ìròyìn. Wọ́n ní ìyàwó àwọn náà máa ń béèrè, àwọn sì máa ń dá a lóhùn.

Ìdí rèé tí mi ò fi rántí pé mo rí olè nínú eré yẹn rí ní kékeré. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé àpótí ni, mo sì ń bínú sí Ọ̀gá Ètò nítorí ẹ̀rín agolo.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Bàbá Ohùn bá mi délé lónìí, àwọn fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́ wá. Wọ́n tẹ̀ríba kí Màmá, torí Màmá fi ọdún méjì jù wọ́n lọ, wọ́n sì sọ tiwọn. Wọn ò sọ pé Bàbá parọ́. Ohun tí àwọn náà ṣe nílé àwọn ni wọ́n sọ, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n mu omi, wọ́n lọ.

Màmá gbé ife wọn lọ fọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé eré náà sí i. Òun nìkan ló wo ìpín kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ó pè mí, ó nawọ́ sí obìnrin alágboòrùn.

Ó ní, “Èyí tó mú lọ níbí, aláwọ̀ ewé ni. Àwọ̀ mìíràn ló máa ń mú lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ojú mi rí i láyé ìgbà yẹn. Mo rò pé ojú mi ni kò mọ nǹkan.”

Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó yé e. Láti ọjọ́ kìíní ló ti yé e, láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, wọ́n sì ṣàlàyé òye náà kúrò lójú rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Màmá múra láàárọ̀, ó wọ bàtà tó fi ń jáde, ó ní òun ń bá mi lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ó ní ẹnu òun lòun fi ba nǹkan jẹ́, ẹnu náà ló máa tún un ṣe.

Ọ̀gá Ètò dìde fún un, ó fún un ní àga. Màmá ò bú u, èmi ni ìbá bú u. Ó ní òun wá tọrọ àforíjì pé òun da ìjókòó wọn rú, pé olè ni obìnrin yẹn, òun ti rí i. Ọ̀gá Ètò ní kò burú, Màmá, ìdí tí a fi fi alálàyé sí i nìyẹn, kó lè máa yé yín.

Màmá ní, “Ọmọ mi, mo ti ní alálàyé rí. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi ní i, mi ò sì ní rí irú ẹ̀ mọ́ láyé. Àmọ́ eré tirẹ̀ ni mo wò. Mi ò wo ti àwọn òyìnbó rí.”

Ọ̀gá Ètò fọwọ́ ra orí. Ó wò mí, mo wo fèrèsé. Ó ní kí a fi ìpín kìíní nìkan sílẹ̀ láìsí alálàyé ná, kí á wo ohun tí àwọn èèyàn máa sọ. Ó ní àmọ́ kò lè jáde kó dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ̀rín gbọ́dọ̀ wà.

Ẹlẹ́tí ló wá ní òun ní ẹ̀rín. Ọmọ yẹn ò pa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ìyá mẹ́ta wá. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ̀rín wọn níbi tíì, àti “Pẹ̀lẹ́ o” níbi tí Onítáì ti ṣubú. Ọ̀gá Ètò ní kí wọ́n yọ “Pẹ̀lẹ́ o” yẹn. Ẹlẹ́tí ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo mọ irú “bẹ́ẹ̀ ni sà” tí ìyẹn jẹ́, èmi ni mo kọ ọ́ sí igbákejì lẹ́nu.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ó jáde. Iná ò lọ, mo ti dààmú nítorí rẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá Aránṣọ àti Ìyá Agbẹ̀bí wà lọ́dọ̀ wa, Màmá wà níbi tó máa ń wà, apá òsì àga Bàbá.

Onítáì ṣubú. “Pẹ̀lẹ́ o” jáde nínú àpótí, àwọn ìyá mẹ́ta sì tún sọ ọ́ nínú yàrá, wọ́n wá wo ara wọn. Níbi tíì, mi ò wo tẹlifíṣọ̀n. Màmá ni mo ń wò. Àlejò ní rárá, Onítáì ń na ọwọ́ sí àwo, kò tíì gbé e padà, ẹ̀rín Màmá ti bọ́. Ó ṣáájú gbogbo wa, ó ṣáájú ẹ̀rín tirẹ̀ náà nínú àpótí.

Obìnrin alágboòrùn wọlé, ó yan èyí tó wù ú, ó jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, Màmá náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó rọra fẹ̀gbẹ́ sí àga Bàbá, bó ṣe máa ń ṣe láti gbọ́ àlàyé. Àmọ́ kò yí etí sí i lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnu ló fi sún mọ́ ọn.

Ó ní, “Ẹ gbọ́, olè ni o.”

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó fún èèyàn láyè kó yé e, ó sì padà sí eré rẹ̀. Àwọn yòókù ò gbọ́. Èmi ni mo gbọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni kí n sun tàbí ẹ̀rín ni kí n rín, títí eré fi parí tí orúkọ wa ń kọjá lójú àpótí. Ìgbà náà ni mo tó rẹ́rìn-ín, Màmá sì yíjú sí mi, ó ní kí ló pẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀.